Ohun tí mo kó jáde nínú yàrá kí oorun tó rí àyè wọlé

Ọ̀sẹ̀ tí a kun yàrá ìsùn wa ní ọ̀dà tuntun ni mo tó mọ̀ pé yàrá náà gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn. Nítorí òórùn ọ̀dà, èmi àti ìyàwó mi kó lọ sí yàrá kékeré kan tí a kò tíì lò fún ohunkóhun, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ògiri mẹ́rin àti fèrèsé kan lọ. A tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sórí ilẹ̀, a ta aṣọ dúdú méjì bo fèrèsé, a gbé fáànù kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà, a sì gbé àtùpà oníná kékeré kan sílẹ̀ ní igun. Mo ti múra ọkàn mi sílẹ̀ fún òru mẹ́fà tí ẹ̀yìn yóò máa dùn mí, tí n ó sì máa ka wákàtí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí mo rí yàtọ̀ pátápátá. Ní òru àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo jí, ní òru kejì, n kò jí rárá, nígbà tí yóò fi di òru kẹrin, ìyàwó mi béèrè lọ́wọ́ mi pé, “Ẹ ò ṣe jẹ́ ká kúkú máa gbé ibí?”

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ẹni tó ń kà á, ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ti ń bọ̀. Fún nǹkan bí ọdún méjì ni oorun ti ń sá fún mi. Mo máa ń dùbúlẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́, n ó yí sọ́tùn-ún, n ó yí sósì, ojú mi yóò là kalẹ̀ títí di aago kan òru. Bí oorun bá sì wá gbé mi lọ tán, ohun tí kò tó nǹkan ni yóò jí mi ní aago mẹ́rin ìdájí. Lọ́sàn-án, n ó máa tòògbé nídìí iṣẹ́ ìṣirò owó tí mo ń ṣe, n ó máa ṣi nọ́ńbà kọ, n ó sì máa kanra mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ní ọdún 2015, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà àti ti àwọn olùwádìí nípa oorun níbẹ̀ fẹnu kò pé oorun tí àgbàlagbà nílò lóru kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 7. Èmi kì í rí ju 5 lọ, kì í sì í ṣe pé wákàtí 5 náà so mọ́ra wọn.

Ìgbàgbọ́ mi nígbà náà ni pé ohun kan wà tí n kò tíì rà. Mo ra tìmùtìmù tó nípọn, irú èyí tí ó máa ń rì bá ara ẹni tó bá sùn lé e. Mo ra ìrọ̀rí mẹ́rin. Mo ra aago tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tàn nínú òkùnkùn, mo ra àwòrán ńlá kan tí omi ti ń ṣàn láàárín igbó, nítorí ẹnìkan sọ fún mi pé irú rẹ̀ máa ń mú ọkàn balẹ̀. Ohun gbogbo ń wọlé, ohunkóhun kò jáde. Yàrá náà lẹ́wà, n kò ní purọ́, àlejò tó bá yọjú síbẹ̀ kì í ṣàì yìn ín. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán ni àlejò fi ń wò ó, òru ni èmi ń gbé ibẹ̀.

Ohun tí kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yàrá kékeré yẹn kúrò lọ́kàn mi ni pé mo ti kà nípa ìdàkejì rẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ní òru àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá sùn sí ibi àjèjì, ìlàjì kan nínú ọpọlọ rẹ̀ kì í sùn wọra tó ìlàjì kejì, bí ẹni pé ó dúró ṣọ́nà. Bí ibi àjèjì bá wá ń dí oorun lọ́wọ́, tí èmi sì sùn fọnfọn níbi àjèjì ju ibi tí mo ti mọ̀ lọ, a jẹ́ pé ohun kan wà nínú yàrá mi tó ju àjèjì lọ. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ náà ló wà. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dà gbẹ, n kò jẹ́ kí a kó gbogbo ẹrù padà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ ìyàwó mi pé kí a máa mú wọn wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òru mẹ́ta, kí n sì máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé kékeré kan láràárọ̀: ìgbà tí mo rò pé mo sùn, iye ìgbà tí mo jí, àti bí ara mi ti rí nígbà tí mo dìde. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mú. Ní yàrá kékeré, àtùpà orí ilẹ̀ yẹn nìkan ni a ní, a sì máa ń pa á kí a tó dùbúlẹ̀. Ní yàrá wa àtijọ́, gílóòbù funfun méjì ló wà lókè àjà tí wọ́n mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán gangan, abẹ́ wọn ni a sì máa ń wà títí di ìṣẹ́jú tí a bá fẹ́ sùn. Ní òru àkọ́kọ́ tí a tún tan wọ́n, n kò tètè sùn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ohun tí mo wá mọ̀ nípa rẹ̀ nìyí. Ẹ̀yà ara kékeré kan wà láàárín ọpọlọ tó jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni yóò máa tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, láti kéde fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Dókítà awọ ara kan, Aaron Lerner, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní ọdún 1958. Ìmọ́lẹ̀ a máa dá ìkéde náà dúró, èyí tí àwọ̀ búlúù bá sì pọ̀ nínú rẹ̀ ló burú jù, nítorí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú tí iṣẹ́ wọn kì í ṣe láti fi ríran bí kò ṣe láti sọ fún ọpọlọ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru, irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń tètè dá mọ̀. Lux ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Òṣùpá tó yọ róbótó kì í fún ilẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ tó lux 1. Iná yàrá tó mọ́lẹ̀ dáadáa lè kọjá 100. Àṣé èmi ni mo ń sọ fún ara mi lálaalẹ́ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú.

Ara páálí gílóòbù ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí, bí ènìyàn bá mọ ohun tó ń wá: nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K wà lẹ́yìn rẹ̀. Tèmi jẹ́ 6500K, èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun tó sì ń fà sí búlúù. Mo fi 2700K rọ́pò rẹ̀, èyí tó pọ́n díẹ̀ bí iná àtùpà. Mo tún yọ èyí tó wà lókè àjà kúrò nínú ètò alẹ́ wa pátápátá, ó wá ku àtùpà kan tí kò ga ju ibùsùn lọ, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í kọjú sí ojú ẹni.

Aṣọ fèrèsé fún mi ní wàhálà ju bí mo ti rò lọ. Mo ra èyí tó nípọn, síbẹ̀ iná ìta ṣì ń wọlé, àfìgbà tí mo dúró nínú òkùnkùn tí mo wò ó dáadáa ni mo tó rí i pé kì í ṣe ara aṣọ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà, etí rẹ̀ ló ń gbà. Ọ̀pá tí a fi aṣọ kọ́ kò fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Mo fi ọ̀pá tó gùn jù ú lọ ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ nínà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀, mo sì jẹ́ kí aṣọ náà kan ògiri, ọ̀ràn náà sì parí. Lẹ́yìn èyí ni mo pa gbogbo iná, mo jókòó nínú òkùnkùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo sì ka iye ojú iná kéékèèké tó ń ṣẹ́jú sí mi: ọ̀kan lára ṣájà, ọ̀kan lára tẹlifíṣọ̀n, ọ̀kan lára ẹ̀rọ amúlétutù, aago tó ń tàn, títí tí wọ́n fi pé méje. Èyí tí a lè yọ kúrò, a yọ ọ́. Èyí tí kò ṣeé yọ, mo fi téèpù dúdú bò ó. Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni, kí ó gbìyànjú kí ó kà wọ́n ní yàrá tirẹ̀ ní alẹ́ òní.

Òwúrọ̀ náà ní ìpín tirẹ̀ nínú òkùnkùn yìí, nítorí pé yàrá tó bá ṣú dùdù títí di aago mẹ́jọ òwúrọ̀ yóò da aago inú ara rú. Aago yìí kì í ṣe àfiwé lásán: Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017 nítorí pé wọ́n tú àṣírí bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ni a fi ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí mo bá ti dìde, aṣọ fèrèsé ni mo kọ́kọ́ máa ń ká.

Ooru ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí pé òun ni ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀ rẹ̀ fún mi, òun náà ló sì dùn mí jù lápò. Tìmùtìmù olówó iyebíye tí mo ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ padà wọ yàrá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní òru kẹta tí a sùn lé e, mo jí ní aago mẹ́ta, òógùn ti mú ẹ̀yìn mi tutù. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì dá ẹ̀bi rẹ̀ fún ojú ọjọ́. A gbé fóòmù pẹlẹbẹ padà, n kò jí. A tún gbé tìmùtìmù wọlé, mo tún jí. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé bí ó ti ń rì bá ara yẹn ni ó fi ń ká ooru mọ́ mi lára, tí afẹ́fẹ́ kò sì rí ibi tí yóò gbà kọjá lábẹ́ mi.

Bí ènìyàn bá ń múra àtisùn, ooru inú lọ́hùn-ún ara rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀, yóò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 1 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni ara máa ń gbà tú ooru náà dànù. Ẹ̀jẹ̀ yóò ṣàn wá sí abẹ́ awọ ibẹ̀, ibẹ̀ yóò sì gbóná díẹ̀ bí inú ti ń tutù. Ohunkóhun tó bá dí ìtújáde ooru yìí lọ́wọ́ ti dí oorun lọ́wọ́ nìyẹn. Ìwọ̀n 16 sí 19 ni ọ̀pọ̀ ìwé ìmọ̀ràn máa ń dá fún yàrá ìsùn, èmi kò sì lè sọ pé yàrá mi dé ibẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó bà mí lọ́kàn jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ara ń fẹ́ kì í ṣe nọ́ńbà, ó fẹ́ kí ooru rí ọ̀nà jáde ni, fáànù tó ń fẹ́ kọjá lára ẹni tó wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì lè ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ohun mìíràn tó dà bí àdììtú sí mi ni omi gbígbóná. Mo máa ń fi omi tútù wẹ̀ lálẹ́, nítorí pé mo rò pé òun ni yóò mú ara mi tutù. Ní ọdún 2019, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá fi omi tó gbóná tó ìwọ̀n 40 sí 42.5 wẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì ṣáájú àkókò oorun máa ń tètè sùn. Omi náà ló ń pe ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, tí ooru inú yóò sì fi rí ọ̀nà jáde nígbà tí ìwẹ̀ bá parí. Àkókò náà ṣe pàtàkì: nígbà tí mo wẹ̀ tán tí mo bọ́ sórí ibùsùn lójú ẹsẹ̀, ńṣe ni mo ń làágùn, nígbà tí mo fi í sí wákàtí kan àtààbọ̀ ṣáájú, òòyì oorun ti ń kọ́ mi kí n tó dé ibùsùn.

Ìyàwó mi ló mú ìmọ̀ràn aṣọ ìbora méjì wá. Òtútù máa ń mú un, ooru sì máa ń mú mi, aṣọ ìbora kan ṣoṣo ni a sì ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Ìfẹ́ kò sí nínú aṣọ.” Láti ọjọ́ náà, ó ń fi èyí tó nípọn bora, èmi ń fi ti òwú fẹ́lẹ́ bora, kò sì sí ẹni tó ń jí ẹnìkejì nítorí aṣọ mọ́. Ní ti tìmùtìmù, ó ti lọ sí yàrá kékeré tí a ti kúrò. Owó tí mo ná lé e dùn mí fún oṣù kan gbáko.

Nípa ariwo, n kò ní pẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 1999 pé ariwo tó ń lọ gbére nínú yàrá ìsùn kò gbọdọ̀ kọjá 30 lórí òṣùwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń wọn ariwo, àti pé ariwo òjijì kan kò gbọdọ̀ ju 45 lọ. Ohun tí èmi rí nínú ìwé mi bá èyí mu dáadáa: ariwo tó dúró lójú kan kì í jí mi, ariwo tó ṣẹ́ yọ lójijì ló ń jí mi. Fáànù ń kùn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, n kò sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi tó ń kán tó, tó, tó ní balùwẹ̀, àti ìdè ilẹ̀kùn tó ń dún kín-ìn bí ẹnìkan bá fẹ́ lọ tọ̀, àwọn wọ̀nyí ni olè tó ń wọlé lóru. Epo díẹ̀ àti rọ́bà kan tí kò tó nǹkan ni mo fi ṣẹ́gun wọn. Ó tún dùn mọ́ mi nínú nígbà tí mo rí i pé kíkùn fáànù ń bo àwọn ariwo kéékèèké mọ́lẹ̀. Mo dán ohun tí wọ́n fi ń dí etí wò, mo sì kórìíra rẹ̀, nítorí pé lílù ọkàn mi nìkan ni mo ń gbọ́.

Ariwo kan wà tí mo kùnà láti kọ sínú ìwé, nítorí pé èmi ni mo ń pa á. Ìyàwó mi ní ìhanrun mi ló ń jí òun, ó sì dá òun lójú pé nígbà mìíràn ó ń jí èmi náà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn dípò kí n fẹ̀yìn lélẹ̀, ó dín kù púpọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó jẹ́ pé èémí rẹ̀ máa ń dá dúró lójú oorun tí yóò wá máa jà fún afẹ́fẹ́, tí oorun sì ń kùn ún lọ́sàn-án bó ti wù kó sùn tó, dókítà ni kí ó lọ rí, kò sí aṣọ fèrèsé tó lè wo ìyẹn sàn.

Mo ti ń sún ọ̀rọ̀ tábìlì síwájú, nítorí pé ìtìjú wà níbẹ̀. Tábìlì iṣẹ́ mi wà nínú yàrá ìsùn, ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ méjì sí ibùsùn. Orí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ń gbé, pẹ̀lú fáìlì àwọn oníbàárà, bí tábìlì bá sì kún, mo máa ń gbé iṣẹ́ wá sórí ibùsùn. Òun ni mo dá padà kẹ́yìn, nítorí pé nínú ọkàn mi, mo mọ̀. Ní òru àkọ́kọ́ tó wọlé, mo dùbúlẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí i, síbẹ̀ mo ń ro fáìlì kan tí n kò tíì parí bí ẹni pé ó ń pè mí. Ní òru kejì, mo dìde ní aago méjìlá, mo tan kọ̀ǹpútà. Ní àárọ̀, ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Oorun wọlé lánàá o. Ó bá yín lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun kò fẹ́ dí yín lọ́wọ́, ló bá padà.”

Onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Richard Bootzin ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1972. Ara a máa kọ́ ẹ̀kọ́ láti ibi tí a bá ti ń lò ó: bí a bá ń ṣiṣẹ́, tí a ń jẹun, tí a ń jiyàn, tí a sì ń dààmú lórí ibùsùn, ibùsùn yóò di àmì ìjí fún ara, bí ó ti wù kí ó rọ̀ tó. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé kí a má ṣe lo ibùsùn fún ohun mìíràn ju oorun àti ìbálòpọ̀ lọ, kí a má dé ibẹ̀ àfi bí oorun bá ń kùn wá, bí oorun kò bá sì wá láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, kí a dìde kúrò níbẹ̀ títí yóò fi tún dé. Ìlànà yìí wà lára ọ̀nà ìtọ́jú tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, sọ ní ọdún 2016 pé òun ni kí a kọ́kọ́ lò fún àgbàlagbà tí àìróorunsùn ti di bárakú sí lára, kí a tó ronú oògùn.

Tábìlì jáde lọ sí pálọ̀. Fóònù mi náà ń sùn níbẹ̀, lórí tábìlì, pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Mo ra aago kékeré kan tó lè jí mi, mo sì kọ ojú rẹ̀ sí ògiri, nítorí pé bí mo bá jí tí mo rí i pé aago mẹ́ta ti lù, ìṣirò ni ọpọlọ mi yóò bẹ̀rẹ̀: wákàtí mélòó ló kù, kí ni n ó ṣe lọ́la bí n kò bá tún sùn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìṣirò kò nílò kí ó tún máa ṣe é lóru.

Apá ìdìdekúrò yẹn nira. Mo gbé àga kan sí igun pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó pọ́n, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé tí kò dùn púpọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sùn dín sí ti tẹ́lẹ̀, mo sì bínú sí ara mi àti sí Bootzin. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo rí i pé ìgbà tí mo ń lọ sí àga náà ti di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun kan tó ràn mí lọ́wọ́ ni bébà kan tí mo máa ń kọ ní pálọ̀ kí n tó wọlé. Michael Scullin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Baylor dán an wò ní ọdún 2018: wọ́n ní kí àwọn kan fi ìṣẹ́jú márùn-ún kọ ohun tí wọ́n ní láti ṣe lọ́jọ́ iwájú, kí àwọn yòókù kọ ohun tí wọ́n ti ṣe parí, àwọn tó kọ iṣẹ́ iwájú sì sùn ṣáájú àwọn yòókù ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 9. N kì í ka ìṣẹ́jú tèmi, ṣùgbọ́n fáìlì kò pè mí mọ́ bí mo bá ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí mo fi àkókò ṣòfò lé lórí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi yan àwọ̀ ọ̀dà, tí mo ń wá èyí tó ń mú ọkàn balẹ̀ jù. Bí a bá ti pa iná, gbogbo wọn dúdú bákan náà. Òróró olóòórùn dídùn kò ṣe mí ní ohun kan, àbẹ́là sì ni ohun tí n kò gbọdọ̀ tún tàn níbi tí mo bá ti fẹ́ sùn lọ. Eruku ni n kò kà sí, ó sì yẹ kí n kà á sí: abẹ́ ibùsùn kún fún àpótí, mo sì máa ń sín lóru. A kó wọn kúrò, a sì ń fi omi tó gbóná tó ìwọ̀n 60 fọ aṣọ orí ibùsùn, nítorí pé ìwọ̀n yẹn ló ń pa àwọn kòkòrò inú eruku tí ojú kò lè rí. Sísín náà dá.

Ìwé kékeré yẹn parí ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí a kun yàrá. Kì í ṣe pé gbogbo òru ló dára. Ní òru tí ìṣirò ìparí ọdún ń bọ̀, mo ṣì máa ń rí àga igun pálọ̀. Ẹrù tí a ó máa dá padà ni ó tán. Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi wá kí wa láìpẹ́ yìí, ó yọjú sí yàrá, ó rí ibùsùn, àtùpà kan àti aṣọ fèrèsé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kó kúrò nílé yìí ni?” Ìyàwó mi na ọwọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àpótí kan wà tí àwòrán omi tó ń ṣàn yọ orí nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìrọ̀rí méjì àti aago tó ń tàn, ó sì bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń fẹ́ wọn.